Fèrèsé Kọjú sí Fèrèsé

Lábẹ́ igi fúrúùtù, lágboolé wa ní Ẹbúté Mẹ́ta,
ọkọ̀ méjì wà níbẹ̀ tí kò lọ ibì kankan:
Mọ́rísì bàbá bàbá mi, ó rà á lọ́dún 1958,
Píjò 504 bàbá mi, ó rà á lọ́dún 1979.
Oníbàárà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.
Ọ̀kan ṣoṣo ló fẹ́. Ó ní kí n sọ èyí tó dára jù.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìró bẹ̀rẹ̀.
Mọ́rísì kì í ké, ó máa ń wúkọ́ ni,
ikọ́ àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípàdé ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó rí roboto bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú nínú epo.
Tó bá fẹ́ yà, apá kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn
bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn.
Jòsáyà Ṣówándé, akọ̀wé rélùwéè, kì í sáré.
Ó ní ọkọ̀ ojú irin nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sáré,
òun ṣáà ni wọ́n la ọ̀nà fún.

Píjò ńkọ́? Háà.
Píjò gùn, ìdí rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó,
iná iwájú rẹ̀ dagun, ojú ẹni tó ń ṣírò èlé.
Kàdúná ni wọ́n ti tò ó,
owó tí bàbá mi yá ní ọ́fíìsì ló fi rà á.
Ó kó wa lọ sí Abẹ́òkúta nígbà ọdún Kérésìmesì,
a jẹ́ mẹ́jọ, ewúrẹ́ kan wà ní búùtù.
Ewúrẹ́ nìkan ló ráhùn.

Bàbá àgbà ń pe Píjò ní alágbàṣe.
Bàbá mi ń pe Mọ́rísì ní àga tó ní táyà.
Àwàdà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí pé lóṣù kẹrin ọdún 1972,
nígbà tí gbogbo ìlú ṣí kúrò lápá òsì títì bọ́ sí ọ̀tún,
Jòsáyà ti wakọ̀ wọlé ní Sátidé tó ṣáájú,
ó paná, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò.
"Ọ̀tún la fi ń jẹun," ló wí, "òsì la fi ń wakọ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ dà á rú, kó máa lọ."
Kò wà á mọ́ títí ó fi kú,
ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ tí kì í nù ún.
Lẹ́yìn ọdún méje, Múyìwá ọmọ rẹ̀ gbé Píjò dé,
sítíárì lápá òsì, páíntì ń dán,
ó gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ láì tọrọ àyè.
Ìyá wa ní ọdún mẹ́ta gbáko
ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀,
òun ni wọ́n ń rán síra wọn.

Lánàá, Mùfútáù mẹkáníìkì jókòó sínú Mọ́rísì, ó ń tú wáyà.
Ó ní kí n wọ Píjò, kí n gbìyànjú kọ́kọ́rọ́.
Mo yíjú, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi.
Sítíárì ọ̀tún níbẹ̀ yẹn, sítíárì òsì níbí:
kò sí ẹni méjì tó súnmọ́ra lágboolé yìí tó àwa méjèèjì,
fèrèsé kọjú sí fèrèsé,
ó tó kí èèyàn na ẹ̀pà sí ẹnìkejì.

Mo tọwọ́ bọ abẹ́ àga Píjò. Èèpo ẹ̀pà.
Mo ní kí Mùfú wo abẹ́ tiẹ̀.
Èèpo ẹ̀pà, àti ààbọ̀ ojú ìwé ìròyìn ọdún 1981.
Ààbọ̀ kejì wà lọ́dọ̀ mi.
A gbé wọn síra, ibi tó ya bára mu,
àkọlé náà sì pé: iye owó sìmẹ́ńtì.

Ìyá wa máa ń tètè sùn.

Tí oníbàárà bá dé ní Sátidé,
mi ò ní sọ èyí tó dára jù.
Màá ní kó wọ ọ̀kan, kó yí gíláàsì wálẹ̀,
kó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀.
Màá ti ra ẹ̀pà.